Ṣé ó yẹ kí n fọ èso kí n tó kó o pamọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sátidé ni mo máa ń ra èso tí a ó jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan: máńgòrò, ọsàn, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, nígbà míì wọ́tàmẹ́lọ̀n. Bí mo bá ti délé, màá da gbogbo rẹ̀ sínú omi oníyọ̀, màá fọ̀ ọ́ dáadáa, màá kó o sínú láílọ́ọ̀nù, ó di inú fíríìjì. Kó tó di Ọjọ́rú, máńgòrò ti ń rà nídìí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti dúdú. Iná ọ̀hún kì í sì í dúró. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa? Bí apá kan bá sì ti bu, ṣé mo lè gé e sọnù kí àwọn ọmọ jẹ ìyókù? (Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ìmọ́tótó yín dára, àmọ́ omi yẹn gan-an ló ń ba èso yín jẹ́. Èso tí ẹ kò tíì fẹ́ jẹ, ẹ má fọ̀ ọ́. Láti orí igi ni èso ti ní ìda fẹ́lẹ́ kan lára, òun ni kì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ tètè gbẹ, tí kì í sì í jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí ráyè wọlé wẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ń fọwọ́ ra á nínú omi, ẹ ń ṣí i kúrò nìyẹn. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni omi tó kù sára rẹ̀. Ẹ gbé máńgòrò kan, kí ẹ wo ìdí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti já a kúrò lára ẹ̀ka. Kòtò kékeré kan wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni omi máa ń dúró sí. Ẹ wá dì í mọ́nú láílọ́ọ̀nù tí atẹ́gùn kò lè wọ̀. Ibẹ̀ náà ni yóò ti kọ́kọ́ rọ̀, kó tó wá hu irun funfun.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí. Máńgòrò tí oòrùn ti pa lọ́jà, tí ara rẹ̀ ṣì gbóná, bí ẹ bá jù ú sínú omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á súnkì, á sì fa omi wọlé láti ìdí. Bí omi náà bá dọ̀tí, ìdọ̀tí ti wọnú rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ jáde mọ́. Ní ìparí ọdún 1999, máńgòrò tó wá láti Brazil kó Salmonella, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ran àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀, oko kan ni wọ́n bá a dé, níbi tí wọ́n ti ń ki máńgòrò bọ omi gbígbóná láti pa ìdin eṣinṣin inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń rì í sínú omi tútù lẹ́yìn náà. Omi tútù yẹn ni wọ́n fura sí. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ọjà dé, ẹ jẹ́ kí èso kọ́kọ́ sinmi níbi tó tutù.

Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni kí ẹ fọ̀ ọ́, lábẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn. Bí ẹ̀rọ kò bá yọ, ẹ fi kọ́ọ̀pù bu omi dà á lórí, kí ẹ máa fọwọ́ ra á. Iyọ̀ tí ẹ ń bù sí omi kò lè mú kí èso pẹ́ sí i. Fínígà ṣiṣẹ́ díẹ̀, ìyẹn kọ́ọ̀pù kan sí kọ́ọ̀pù omi mẹ́ta, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi omi lásán ṣàn án lẹ́yìn náà. Ọṣẹ ńkọ́? Rárá o. Èso máa ń fa ọṣẹ mu, ó sì lè da inú rú. Ẹ fọ èyí tí ẹ máa bó pàápàá. Àwọn tó ń bó ọsàn lẹ́bàá títì, ọ̀bẹ tó gba ara èèpo kọjá náà ló ń wọ inú ọsàn, omi abọ́ tí wọ́n fi ń ṣan ọ̀bẹ sì lè ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀.

Bí ẹrẹ̀ bá wà lára rẹ̀ tí ẹ kò lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Bí ó bá di dandan kí ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nu ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ, kí ẹ tẹ́ wọn sínú ajere títí ìdí wọn á fi gbẹ.

Kàkà kí ẹ máa fọ̀ ọ́, ẹ ṣà á. Èyí tó forí gbún nínú mọ́tò, ẹ jẹ ẹ́ lónìí. Èyí tí ara rẹ̀ le, ẹ fi í sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, máńgòrò àti ìbẹ́pẹ máa ń tú gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní ethylene jáde bí wọ́n bá ti ń pọ́n, gáàsì yìí ló ń mú kí àwọn tó wà nítòsí tètè pọ́n. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí píà kan tètè rọ̀. Ọsàn kì í pọ́n sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ká a, apẹ̀rẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ti tó o.

Fíríìjì ló sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín di dúdú. Bí òtútù bá ti kọjá 13°C sísàlẹ̀, èèpo rẹ̀ á dú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ lè ṣì dára. Máńgòrò àti ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n náà kò fẹ́ òtútù bẹ́ẹ̀, wọn kì í pọ́n dáadáa mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pọ́n níta kí ẹ tó kó wọn sí fíríìjì. Wọ́tàmẹ́lọ̀n odindi lè wà nílẹ̀. Tí ẹ bá ti là á, ẹ bò ó, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì kó tó pé wákàtí méjì. Bí iná kò bá sí, ẹ bá ará ilé pín in, ó ṣe é ṣe.

Fún ti iná yìí, Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, gba ẹ̀bùn tí iléeṣẹ́ aago Rolex máa ń fún àwọn tó gbé ohun tuntun kalẹ̀ ní ọdún 2000 fún ìkòkò amọ̀ méjì, ọ̀kan nínú èkejì, tí iyanrìn tútù wà láàárín wọn, aṣọ tútù lórí. Bí omi iyanrìn ṣe ń gbẹ lọ ni inú ìkòkò ń tutù. Ní Ìbàdàn, nígbà ọyẹ́ ni yóò ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ ti kún fún ọ̀rinrin, omi kì í gbẹ, ẹ má retí púpọ̀.

Ní ti èyí tó bu, máńgòrò àti ìbẹ́pẹ rọ̀, omi sì pọ̀ nínú wọn, ohun tó ń hù yẹn ti wọlé ju ibi tí ojú yín rí i mọ lọ. Ẹ dà á nù, ẹ má sì gbóòórùn rẹ̀. Àmọ́ bí ó bá kàn jẹ́ pé ó forí gbún, tí ibẹ̀ rọ̀ tí kò sì bu, tí kò kan, ẹ gé ibẹ̀ kúrò, kí àwọn ìbejì jẹ ìyókù lójú ẹsẹ̀.