Ẹ Bi Wá: Òkúta Ìrántí Ìmàgbọ́n

ÌBÉÈRÈ: Regbéregbé (ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà) wa ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún àwọn tó bá ogun Ìmàgbọ́n lọ ní 1892. Àwọn kan ní ká kọ “Òyìnbó pa wá” sí i, kó tán síbẹ̀. Kí ló yẹ kó wà lára rẹ̀, báwo la sì ṣe máa rí orúkọ àwọn òkú? (Ọmọ Pòrógun)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ohun tí wọ́n ní kí ẹ kọ yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò tó. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1892, létí odò Yemoji, àwọn ọmọ ogun tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì, kó wá láti Èkó fi ìbọn Maxim tó ń yìn léraléra pa àwọn Ìjẹ̀bú tó ń gbèjà ilẹ̀ wọn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣùgbọ́n ta ló gbé ìbọn náà? Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn: Haúsá láti Èkó àti Gold Coast (Gánà òde òní), àti àwọn ọmọ ogun West India láti erékùṣù Kàríbíánì, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ará Ìbàdàn náà bá wọn lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòkùnkùn: nígbà ogun Kírìjì, Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Láyé ìṣáájú, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kan náà ni wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sí etí òkun.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Bí ọmọ Ìbàdàn bá ka òkúta yín tí kò rí bí ọ̀ràn ṣe kan bàbá ńlá rẹ̀, yóò gbà pé ìtàn àwọn ẹlòmíràn ló ń kà.

Ní ti orúkọ, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú ìpàdé. Bí àgbà ìdílé bá ti sọ̀rọ̀ tán, ohun tó sọ ni gbogbo ilé máa tún sọ. Ẹ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù. Kí ẹ tó bi wọ́n ní ọdún, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ki oríkì ìdílé, nítorí inú oríkì ni orúkọ tí ẹnu ti gbàgbé máa ń wà. Ẹ kọ orúkọ òkú, ti bàbá rẹ̀, ìtún (àdúgbò) rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ tún bi wọ́n pé, “Ta ló ru ẹ̀tù? Ta ló se oúnjẹ?” Bí ẹ bá béèrè ẹni tó jagun nìkan, ìdílé balógun nìkan ni yóò kún orí òkúta. Orúkọ tí ilé méjì tí kò gbọ́ tẹnu ara wọn bá jẹ́rìí sí ni ká gbẹ́. Èyí tó kù, inú ìwé ni kó wà. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta òkúta sílẹ̀ lófìfo fún orúkọ tó ń bọ̀. Ẹ má gbẹ́ iye òkú sí i, nítorí àfojúdíwọ̀n ni gbogbo iye tó wà nínú ìwé.

Òkúta líle ni kí ẹ rà. Àwọn tó ń kó irin àlòkù á yọ idẹ lóru, ọ̀dà orí sìmẹ́ǹtì kì í sì pẹ́ tí òjò fi máa ń bó o. Àwọn agbẹ́kúta sábà máa ń gbàgbé àmì ohùn: ẹ kọ ọ́ sórí bébà bó ṣe máa tóbi gan-an, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé irú ìrántí báyìí kò ní tú wa ká? Ṣé Nàìjíríà náà ń rántí tirẹ̀? (Òǹkàwé, Ṣágámù)

ÌDÁHÙN: Ogun ló kó ìlú 13 jọ di Ṣágámù ní 1872, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ṣì ní ìtàn tirẹ̀. Ohun tó ń túni ká ni kí wọ́n sunkún òkú kan, kí wọ́n pa ti èkejì mọ́. Nàìjíríà ń yẹ́ àwọn ológun sí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970. Ṣùgbọ́n àwọn ará Asaba tí ọmọ ogun ìjọba pa ní oṣù Kẹwàá 1967 kò ní ọjọ́ kankan tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń dárò wọn. Nítorí náà, ọmọ Asaba ń ṣọ̀fọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Asaba, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ọmọ Nàìjíríà.

Rùwáńdà ṣe dáadáa nínú ohun kan: wọ́n yọ ẹ̀yà kúrò nínú káàdì ìdánimọ̀, nítorí káàdì yẹn ni wọ́n fi ń mọ àwọn Tutsi tí wọ́n máa pa nígbà ìpẹ̀yàrun 1994. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ni ìrántí ìpẹ̀yàrun náà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún. Síbẹ̀, àwọn Hutu tí àwọn tó ṣẹ́gun pa kò ní ọjọ́ ọ̀fọ̀ ní gbangba, ìbínú yẹn sì wà nínú ilé.

Ṣágámù náà ní tirẹ̀. Ní oṣù Keje 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Haúsá níbẹ̀: Yorùbá kú, Haúsá kú, wọ́n sì gbẹ̀san rẹ̀ ní Kánò. Bí ẹ bá fẹ́ gbé òkúta fún ìyẹn, kí orúkọ Haúsá àti Yorùbá wà lórí òkúta kan ṣoṣo.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè ṣe é mọ́ Ojúde Ọba? (Ìyá Ìwàdé)

ÌDÁHÙN: Rárá o, Mà. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ọjọ́ ẹṣin àti ayọ̀ ni. Ẹ lo ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún, ní aago 7 àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Kí àwọn ọmọ iléèwé ka orúkọ, kí wọ́n máa sinmi díẹ̀ láàárín ọ̀kan sí èkejì; orúkọ 100 kò ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ẹ má ṣe gbé gbohùngbohùn fún olóṣèlú kankan kí orúkọ tó tán.