Tẹ́ẹ̀sì tó yege ní 100 ìgbà: ṣé kí n fọwọ́ sí i?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹgbẹ́ mi kan kọ tẹ́ẹ̀sì KUnit (irinṣẹ́ tí a fi ń dán kóòdù kernel wò) fún kaunta kan nínú driver (kóòdù tó ń darí ẹ̀rọ) tí a ń ṣe fún kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò Linux. Thread méjì, ìyẹn iṣẹ́ méjì tó ń lọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ló ń fi kún kaunta náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 1,000 ìgbà, tẹ́ẹ̀sì á sì wò ó bóyá iye rẹ̀ pé 2,000. Mo ti ṣe é ní 100 ìgbà, kò kùnà rí. Èmi ni wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ni kí n máa wá níbẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì fọwọ́ sí i. Kọ́kọ́ yọ lock (àgádágodo tí kì í jẹ́ kí thread méjì fọwọ́ kan kaunta lẹ́ẹ̀kan náà) kúrò lára kóòdù driver yẹn, kí o wá tún tẹ́ẹ̀sì náà ṣe. Bó bá ṣì ń yege láìsí lock, kò tíì dán nǹkan kan wò.

Ro ti alájọ tí ọmọ iṣẹ́ méjì ń kọ ìwé kan ṣoṣo fún. 5,000 náírà ló wà nínú ìwé. Àwọn méjèèjì wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, oníkálukú gba 1,000, oníkálukú sì kọ 6,000 sílẹ̀. 1,000 ti wọgbó nìyẹn. Bí kaunta ṣe ń ṣe náà nìyí: CPU á ka iye tó wà níbẹ̀, á fi ọ̀kan kún un, á kọ ọ́ padà. Àmọ́ bí ọmọ iṣẹ́ kìíní bá ti parí, tó ti relé kí èkejì tó dé, ìwé á pé rẹ́gí, bí wọn ò tilẹ̀ mọ bí a ti ń tò sórí ìlà.

Ohun tí mo fura sí nínú tẹ́ẹ̀sì yín gan-an nìyẹn. Ìgbà 1,000 kì í gba CPU ní àkókò kankan. Thread kìíní lè ti parí kí wọ́n tó dá èkejì sílẹ̀. Kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n dúró sórí completion kan (ilẹ̀kùn tí thread ń dúró níwájú rẹ̀ títí wọ́n á fi ṣí i), kí tẹ́ẹ̀sì kà wọ́n pé wọ́n ti pé, kó tó fi complete_all ṣílẹ̀kùn. Kí 1,000 náà di 1,000,000. Níbi tí o bá ti rí msleep (àṣẹ pé kí kóòdù sùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀) tí wọ́n fi ń dúró de thread, dá a padà: oorun kì í ṣe àdéhùn.

Béèrè iye CPU náà. UML (kernel Linux tó ń ṣiṣẹ́ bí ètò lásán) ni kunit.py, ètò tó ń ṣe tẹ́ẹ̀sì KUnit, máa ń lò bí o kò bá sọ òmíràn fún un, CPU kan ṣoṣo ni UML sì fi ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lórí CPU kan, thread méjì kò lè pàdé ní tòótọ́. Lo `--arch=x86_64 --kconfig_add CONFIG_SMP=y --qemu_args='-smp 8'` kí ó lè rí CPU mẹ́jọ.

Wo ìparí rẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí àṣìṣe jù. Thread tó ń parí fúnra rẹ̀ lè ti kú kí kthread_stop (àṣẹ tó ń dá thread dúró) tó kàn án, mẹ́mórì rẹ̀ á sì ti di ti ẹlòmíràn. kthread_create ni kí wọ́n fi dá thread, kí get_task_struct tẹ̀ lé e láti di mẹ́mórì rẹ̀ mú, lẹ́yìn náà wake_up_process láti jí i. Bí kthread_stop bá sì ṣáájú kí thread tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní wáyé rárá. -EINTR (àmì àṣìṣe) ni kthread_stop máa dá padà, nítorí náà kí wọ́n yẹ èsì yẹn wò. KUNIT_ASSERT, àyẹ̀wò tó ń dá iṣẹ́ dúró bí ó bá kùnà, kò gbọdọ̀ sí nínú àwọn thread wọ̀nyí, torí bó bá kùnà, thread tó pè é ló máa pa, tẹ́ẹ̀sì á sì máa bá a lọ. Kí wọ́n kọ èsì sílẹ̀, kí tẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀ dájọ́.

Tan CONFIG_KCSAN pẹ̀lú, irinṣẹ́ kernel tó ń wá ibi tí thread méjì ti ń jà lórí mẹ́mórì kan. Láti Linux 5.8, ní 2020, ló ti wà níbẹ̀. Ó máa ń dá thread kan dúró díẹ̀ níbi tó ti ń fọwọ́ kan mẹ́mórì, á máa ṣọ́ bóyá òmíràn á yọ síbẹ̀. Ó lè ké gbàjarè nígbà tí iye kaunta ṣì pé.

Lẹ́yìn èyí, ní kí akẹgbẹ́ rẹ kọ iye tó rí láìsí lock sínú àlàyé patch (àyípadà kóòdù tó fi ránṣẹ́) náà. Bó bá dín sí 2,000,000, ìbáà ṣe ẹyọ kan, tó sì pé nígbà tí lock padà sípò, fọwọ́ sí i.