Ẹ má tíì ra difurẹ́ńṣà o, ẹ kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn sókè

Bọ̀ọ̀dá, ẹ ní Hilux yín àtijọ́ yẹn ń kùn lẹ́yìn tó bá ti ju 60 lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ń mì, mẹkáníìkì yín n'Íjerò wá ní kẹ́ ẹ lọ ra odindi difurẹ́ńṣà tòkunbọ̀, ìyẹn àpótí jíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di owó yín mú ná. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn, wọ́n gbowó ńlá, ariwo ò kúrò.

Ẹ wá ibi tí títì ti dán, kẹ́ ẹ sáré dé 60, kẹ́ ẹ wá rọra dárí ẹ̀ sósì. Ìwúwo á bọ́ sápá ọ̀tún, tó bá wá kùn jù ti tẹ́lẹ̀, bíárìn ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìyẹn irin róbótó tí ẹsẹ̀ yẹn fi ń yí geere, ni kẹ́ ẹ fura sí. Difurẹ́ńṣà ní tiẹ̀, ohùn ẹ̀ máa ń yí pa dà tẹ́ ẹ bá tẹ iná tàbí tẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò. Táyà tó jẹ ségesège náà ń kùn, àmọ́ tiẹ̀ máa ń yàtọ̀ láti títì kan sí òmíì.

Ẹ jáàkì ẹ̀, ẹ fi òkúta há iwájú, ẹ gbé e lé sítáǹdì, ẹ ti mọ ìyẹn. Ọwọ́ kan lókè táyà, ìkejì nísàlẹ̀, ẹ tì í ẹ fà á, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń mì. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan máa yí i, kẹ́ ẹ̀yin gbé ọwọ́ lé ara ákísù, irin ńlá tó gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì, tí bíárìn bá ti kú ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ bí ìgbà tí yanrìn ń yí nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yí própẹ́là, ọ̀pá gígùn tó ti iwájú wọ difurẹ́ńṣà, tó dún ko díẹ̀, kí wọ́n má fi já yín láyà o, àlàfo díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín eyín jíà.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Wọ́n tẹ bíárìn yìí mọ́ ọ̀pá ákísù ni, òrùka irin kan ló há a mọ́bẹ̀, òrùka yẹn ni ò jẹ́ kí táyà fa ọ̀pá jáde. Ẹni tó ṣe tèmi fi iná gáàsì yọ ọ́ títí ọ̀pá fi pọ́n yòò, ó wá fi òòlù gbá bíárìn tuntun létí òde, bẹ́ẹ̀ lílù yẹn ti ba inú ẹ̀ jẹ́ kí n tó kúrò ní gáréèjì. Òrùka tuntun ò wá mú dáadáa, ó ní kò sí wàhálà, ó pe wẹ́dà, wọ́n bá jó o mọ́ ọn! Mo kó iṣu láti Ìkọ̀lé, mò ń lọ Iléṣà, orí òkè láàárín Ìtàwúrẹ́ àti Ẹ̀fọ̀n ni ẹ̀yìn ọ̀tún ti wálẹ̀ gbì, mo wo dígí, mo rí táyà tòun tọ̀pá àti dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń yọ lọ síta, ọ́ìlì búrékì ń tú, búrékì ẹ̀yìn kú pátápátá, ti iwájú ló gbà mí. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi níwèé ni, iná àti wáípà ni wọ́n wò, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan táyà. Inú ṣì ń bí mi di báyìí.

Torí náà, ibi tí wọ́n ti ní présì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ bíárìn wọlé láìlù ú, ni kẹ́ ẹ gbé ọ̀pá yẹn lọ, òrùka tuntun ni kí wọ́n lò, tí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ wẹ́dà, ẹ gba ọ̀pá yín kẹ́ ẹ máa lọ.

Ẹ wo inú dúrọ́ọ̀mù náà, tó bá tutù fún ọ́ìlì, síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú ákísù, ti lọ. Kẹ́ ẹ tó dá síìlì lẹ́bi, ihò kékeré kan wà lókè ákísù tó fi ń mí, ẹrẹ̀ máa ń dí i, ooru á wá ti ọ́ìlì gba síìlì jáde, wọ́n á kàn máa ta síìlì fún yín ṣáá.

Ọ́ìlì jíà tẹ́ ẹ ó dà sínú difurẹ́ńṣà, èyí tí wọ́n kọ 80W-90 GL-5 sí lára ni. Nọ́ọ̀tì ibi tí wọ́n ń dà á sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú, torí tí ìyẹn bá kọ̀ tí ò tú lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti da ti inú nù, ẹ ò lè gbé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀. Irin tó kúnná lára nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì nù ò burú, èyí tó ń gún yín lọ́wọ́ ni ká máa bẹ̀rù. Ìgbà yẹn la tó lè sọ̀rọ̀ difurẹ́ńṣà tẹ́ ẹ bèèrè, kí iye eyín jíà ẹ̀ sì bá tinú ọkọ̀ yín mu. Títí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má kó ẹrù sí i.