Ṣé Òtútù Ló Wọ Ìyá Ìkókó Lára? Ìdáhùn sí Ìyá Ọkọ Kan ní Òṣogbo

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Òkè-Báálẹ̀ ni mò ń gbé ní Òṣogbo níbí. Ìyàwó ọmọ mi bímọ ní ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta ni a kò ti mọ ohun tó ń ṣe é mọ́. Ó lè jókòó síbi kan kó máa sunkún láìsí ẹni tó bá a jà, kì í jẹun dáadáa, bí ọmọ bá sì sùn, òun kì í sùn. Ó ní orí òun ń gbóná, àyà òun sì ń já. Nígbà mìíràn ọmọ á máa ké, òun á kàn máa wò ó ni. Wọ́n sọ fún wa pé omi tútù tó fi wẹ̀ ní ọsibítù ló jẹ́ kí òtútù wọ̀ ọ́ lára, pé abísínwín ló ń bọ̀ yẹn. Ẹnì kan ta ìgò àgbo kan fún wa ní ₦18,000, nọ́ńbà NAFDAC sì wà lára rẹ̀. Ó ní kí a máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ níkùn, kó má sì fún ọmọ lọ́mú títí àgbo náà yóò fi tán. Ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kí a máa tẹ̀ ẹ́ lójúmọ́, nítorí ojú iṣẹ́ abẹ yẹn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ, Màmá, ẹ sì kú ìtọ́jú. Ẹ ò ní tẹ̀ ẹ́ rárá, bó ti wù kó mọ. Ojú iṣẹ́ abẹ ọ̀sẹ̀ méje kì í ṣe ohun tí à ń da omi gbígbóná lé, omi gbígbóná kò sì lè ṣe nǹkan kan sí ohun tó ń ṣe ìyàwó yín. Ẹ dá àgbo náà dúró, ẹ sì jẹ́ kó máa fún ọmọ lọ́mú. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi débi pé mo fẹ́ kí ìdáhùn yìí wà fún gbogbo àwọn tó ti béèrè rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dà bí ẹni pé ẹ̀yin nìkan ni mò ń bá wí.

N kò tíì rí ìyàwó yín, n kò sì bá a sọ̀rọ̀, nítorí náà ohun tí mo kọ síbí kò lè rọ́pò àyẹ̀wò dókítà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá rí bí ẹ ṣe sọ ọ́, ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yìí jọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ, kò sì jọ abísínwín.

Ohun mẹ́ta ni àwọn ará ilé máa ń kó pọ̀. Èkíní ni ẹkún tó máa ń mú ọ̀pọ̀ ìyá ìkókó láti nǹkan bí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún: á rẹ́rìn-ín láàárọ̀, á sunkún lọ́sàn-án, kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì ó ti lọ fúnra rẹ̀, a kì í sì í pe ìyẹn ní àìsàn. Ìkejì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tó máa ń kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tó sì lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkúùgbà láàrin ọdún àkọ́kọ́ ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ káàkiri ayé, nǹkan bí 13 ni àìsàn ọkàn máa ń bá jà, ìrẹ̀wẹ̀sì ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí jájẹ bíi tiwa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20. Ìkẹta ni abísínwín gan-an, tí kì í mú ju obìnrin kan tàbí méjì lọ nínú 1,000 tó bímọ, tó sì sábà máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Òun kì í fara pamọ́: obìnrin náà lè má sùn fún ọjọ́ púpọ̀ kó má sì rẹ̀ ẹ́, ó lè máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè má délẹ̀ mọ́, tàbí kó ní ọmọ tó wà lọ́wọ́ òun kì í ṣe ènìyàn. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, tàbí bí ó bá sọ pé ó sàn kí òun kú, tàbí pé òun lè ṣe ọmọ náà ní jàǹbá, ọsibítù ní ọjọ́ yẹn gan-an ni, ì báà jẹ́ òru. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ má sì fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láìsí ẹlòmíràn nítòsí. Abísínwín pàápàá ní ìtọ́jú, ẹni tó bá sì tètè dé ọ̀dọ̀ wa máa ń padà sí ipò rẹ̀. Kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nínú ìtọ́jú náà.

Ẹ ní ó ń sọ pé orí òun ń gbóná, àyà òun sì ń já. Ọ̀nà tí obìnrin ilẹ̀ wa ń gbà sọ ọ́ nìyẹn. Kò ní jókòó kó sọ fún yín pé inú òun bàjẹ́. Ta ni yóò gbà á láyè láti sọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí gbogbo ayé ń kí i kú oríire? Orí ni yóò mẹ́nu bà, tàbí àyà, tàbí ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí òtútù, nítorí òun gan-an ló gba ₦18,000 lọ́wọ́ yín. Ní Òṣogbo níbí, ìlú tí a ti ń fi omi tútù yin Ọ̀ṣun pé òun ló fi ń wẹ ọmọ tó sì fi ń wo abiyamọ, ó máa ń yà mí lẹ́nu pé omi tútù náà la tún ń di ẹ̀sùn rù. Bó bá jẹ́ pé òtútù ló ń fà á, kò yẹ kí obìnrin tí ìyá rẹ̀ fi omi gbígbóná wẹ̀ fún ogójì ọjọ́ gbáko ní i láé. Wọ́n ń ní i, èmi fúnra mi sì ń tọ́jú wọn. Àwọn bàbá ọmọ tún ńkọ́? A ti wá mọ̀ báyìí pé nǹkan bí ọkùnrin kan nínú mẹ́wàá ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń mú láàrin ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ lóyún sí ọdún tí ọmọ dé. Ọkùnrin náà kò rọbí, kò dé yàrá ìgbẹ̀bí, ilé rẹ̀ ló sì ti ń wẹ̀. Òtútù wo ló wọ òun lára?

N kò sọ pé òmùgọ̀ ni àwọn ìyá wa àtijọ́. Mo rò pé ohun tí wọ́n fojú rí ni wọ́n ń sọ. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti bọ́, ara obìnrin púpọ̀ máa ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, láìsí àìsàn kankan, a ó kan da aṣọ bò ó ni. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, tí kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, ilé ọmọ obìnrin mìíràn a kẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ: ibà á dé, òtútù á mú un, ara á máa gbóná janjan, nígbà tó bá sì di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ nítorí ibà náà. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ rí i pé òtútù ló ṣáájú, ìsọkúsọ ló tẹ̀ lé e, ó sì so méjèèjì pọ̀. Irú ìyẹn ṣì ń ṣẹlẹ̀ lónìí. Bí ìyá ìkókó bá ní ibà àti òtútù láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó bímọ, kòkòrò ló ṣeé ṣe kó wọ ilé ọmọ, ojú iṣẹ́ abẹ tàbí ọmú, abẹ́rẹ́ àti oògùn ọsibítù ló sì kàn án. Ẹni tó bá ń fi omi gbígbóná tẹ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ nílé ń fi ẹ̀mí rẹ̀ tafàlà.

Báwo wá ni àgbo ṣe di ohun tí àwọn ènìyàn ń jẹ́rìí sí? Ẹkún ọjọ́ kẹta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni. Wọ́n á ra àgbo lọ́jọ́ karùn-ún, ẹkún á dá lọ́jọ́ kejìlá, bí ì bá ti dá bí wọn ò tilẹ̀ fún un ní nǹkan kan, ẹni tó ta àgbo á sì gba ọpẹ́. Nígbà tí ti ẹlòmíràn bá sì jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì gidi, tí kò lọ, wọ́n á ní òtútù tirẹ̀ ti pẹ́ jù, kí wọ́n ra ìgò kejì. Ní ti nọ́ńbà NAFDAC, ẹ yí ìgò náà padà kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà kéékèèké: àwọn oògùn ìbílẹ̀ tó bá gba nọ́ńbà báyẹn máa ń kọ ọ́ sára pé NAFDAC kò tíì ṣe àyẹ̀wò ohun tí wọ́n ní ó ń wò. Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmú. Ìyá tó ti ń rò nínú ara rẹ̀ pé òun kò wúlò fún ọmọ yìí, ẹ tún fẹ́ gba ohun tó ṣì ń ṣe fún un lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmú á kún, á wú, á máa ro ó, ẹ ó sì máa ra mílíìkì alágolo. Bó bá jẹ́ pé fífún ọmọ lọ́mú fúnra rẹ̀ ló ń dá a lóró, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, kó bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́ kí wọ́n jọ wá ọ̀nà.

Ohun tó ń fà á kì í ṣe ẹyọ kan. Bí olóbì bá ti jáde, àwọn họ́mọ̀nù, ìyẹn àwọn èròjà tó ń darí iṣẹ́ ara, tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ aboyún á já wálẹ̀ lójijì láàrin ọjọ́ kan sí méjì, àwọn obìnrin kan sì wà tí èyí máa ń dà láàmú ju ẹlòmíràn lọ. Ẹ wá ro àìsùn mọ́ ọn, àti ìrora iṣẹ́ abẹ, àti àìlówó, àti ọkọ tí kò sí nílé, àti ìrẹ̀wẹ̀sì tó ti mú un rí kó tó lóyún. Ẹ̀jẹ̀ tó dínkù lára tàbí thyroid, ìyẹn ẹṣẹ́ kan nínú ọrùn, tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa lẹ́yìn ìbímọ lè jọ ọ́ tàbí kó dá kún un, ìdí nìyẹn tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ní ti ilé, Màmá, oorun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá fún un. Kí ẹ̀yin tàbí bàbá ọmọ gba ọmọ náà láti nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́ta òru. Kó fún omi ọmú sínú ife mímọ́ kó tó lọ sùn, kí ẹ sì jẹ́ kó sùn ní yàrá tí kò ti ní gbọ́ ẹkún. Ẹ dín àlejò kù. Ẹni tó bá fẹ́ kí i kú ewu lè fi oúnjẹ sílẹ̀ lọ́wọ́ yín, kó sì máa lọ. Ẹ dákun, ẹ má sọ fún un pé ẹ̀yin bí tiyín láìsí pé ẹ sunkún, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ létí rẹ̀. Bóyá ní gbogbo ìgbà tó fi lóyún ni wọ́n ń gbàdúrà fún un pé yóò bímọ bí àwọn obìnrin Hébérù, tí wọ́n wá gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ níkẹyìn. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lè gbà pé òun ti kùnà kí ọmọ tó dáyé. Kó máa gbàdúrà, kí àlùfáà tàbí pásítọ̀ rẹ̀ wá a wá, n kò bá èyí jà rárá. Ààwẹ̀ ni n kò fẹ́ kí wọ́n fi lé ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, tí kò sì jẹun, lórí. Bó bá fẹ́ kí ìyá tirẹ̀ wá bá a wẹ ọmọ fún ìgbà díẹ̀, ẹ má fi ìyẹn ṣe ìjà.

Láàrin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó ti bímọ, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Asúbíaró, tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIOSUN. Ẹ má fi sùúrù dúró de ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Mo mọ iṣẹ́ wa: a ó gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, a ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú káàdì, a ó gún un ní itan, ìyá á pọ̀n ọ́n, á sì máa lọ, kò sí ẹni tó bi í pé òun ńkọ́. Nítorí náà ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́ jáde fún nọ́ọ̀sì pé ìyá ọmọ gan-an ni ẹ mú wá. Wọ́n lè bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá kan, tí wọ́n ṣe ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland, ní 1987, nípa bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí láàrin ọjọ́ méje tó kọjá. Ẹ jẹ́ kó dá wọn lóhùn fúnra rẹ̀, kí ẹ sì jáde síta bí wọ́n bá ní kí ẹ jáde.

Bí ìrẹ̀wẹ̀sì náà kò bá tíì jinlẹ̀, jíjókòó pẹ̀lú onímọ̀ tó máa bá a sọ̀rọ̀ déédéé lè tó. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà lè kọ oògùn bíi sertraline fún un, tó jẹ́ pé díẹ̀ kínún ló ń bá omi ọmú jáde, tí ọ̀pọ̀ abiyamọ sì ń lò láìdá ọmọ lẹ́kun ọmú. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ló lè kọ ọ́, ẹ má lọ rà á ní kẹ́mísìtì fúnra yín, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta Valium fún un níbẹ̀ pé kó lè sùn. Oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Nígbà tó bá sì ti ń rẹ́rìn-ín, tó ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, ẹ má sọ pé ó ti tó: a sábà máa ń lò ó fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ara bá ti yá, dókítà ló sì máa sọ bí yóò ṣe dín in kù. Bí ó bá tún lóyún lọ́jọ́ iwájú, kó sọ èyí fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tó bá lọ forúkọ sílẹ̀, nítorí ó lè padà wá, ó sì yẹ kí a ti máa ṣọ́ ọ kó tó bí.