Ìdí tí a fi ń pe Minneapolis àti Saint Paul ní Ìlú Ìbejì

Ohun tí ẹ béèrè ni pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pe Minneapolis àti Saint Paul, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, ní Ìlú Ìbejì, àti pé kí ni ìtumọ̀ orúkọ Minneapolis gan-an.

Odò Mississippi ló bí àwọn méjèèjì. Láyé àtijọ́, Saint Paul ni ọkọ̀ ojú omi ńlá lè gòkè odò dé, nítorí pé àpáta àti omi líle wà níwájú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń já ẹrù, ibẹ̀ ni ọjà sì ti gbèrú. Ojú Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pe ibẹ̀, nítorí ìnagijẹ Pierre Parrant tó ń ta ọtí níbẹ̀, kí Fadá Lucien Galtier tó kọ́ ilé ìjọsìn kékeré kan ní 1841, tó sì fi Pọ́ọ̀lù Mímọ́ sọ ọ́. Lókè odò, níbi tí omi ti ń já wálẹ̀ látorí àpáta, ni Minneapolis wà. Agbára omi yẹn ló ń yí ọlọ tí wọ́n fi ń lọ àlìkámà nígbà náà. Iṣẹ́ náà léwu púpọ̀: ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún 1878, eruku ìyẹ̀fun gbaná nínú ilé ìlọ-àlìkámà kan tó ń jẹ́ Washburn A, ilé náà bú gbàmù, ènìyàn 18 sì kú.

Saint Paul ló kọ́kọ́ tọ́ ayé wò bíi Táíwò, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 1880, Minneapolis tó kẹ́yìn dé ti pọ̀ jù ú lọ. Ìdíje wọn le débi pé nínú ìkànìyàn 1890, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní Saint Paul pé àwọn ènìyàn ń gbé inú ibùdókọ̀ ojú irin àti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Minneapolis náà fi ayédèrú orúkọ kún tirẹ̀, títí ìjọba fi tún ìlú méjèèjì kà.

Ní ti orúkọ, «mni» ni omi lédè àwọn Dakota, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́, «polis» sì ni ìlú lédè Gíríìkì. Olùkọ́ kan, Charles Hoag, ló dábàá rẹ̀ ní 1852. Orúkọ náà dùn, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí àwọn tó ni ìdajì rẹ̀. Lẹ́yìn ogun 1862 láàárín àwọn Dakota àti ìjọba Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ogun ìjọba kó àwọn Dakota bíi 1,600, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ obìnrin, ọmọdé àti arúgbó, sẹ́sẹ̀ òkè tí Fort Snelling, odi àwọn ọmọ ogun, wà, nínú òtútù, nítòsí Bdote, ìpàdé odò méjì tí ọ̀pọ̀ wọn gbà pé ìran àwọn ti ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ kú níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1863, wọ́n fi ọkọ̀ kó àwọn tó kù gba orí Mississippi jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ náà.