Kíì píánò tó ń há nígbà òjò, àti bí ọwọ́ kò ṣe ní bó

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ fi ọ̀bẹ gbẹ́ àwọn kíì tó há. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́ wọn, ẹ má sì kán òróró sí wọn: aṣọ onírun inú ihò abẹ́ kíì ni ọ̀rinrin mú wú mọ́ píìnì, irin tó ń tọ́ kíì sọ́nà; fífi pílásì tẹ aṣọ náà díẹ̀ ló máa tú kíì.

Èyí kan kíì tí kò mì rárá bí ẹ bá tì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì dáadáa ṣùgbọ́n tí kò gbéra, ìdí rẹ̀ wà níbòmíràn, bóyá nínú hámà tó ń lu okùn píánò.

Ẹ ra pílásì ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ tó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi fáìlì pa eyín rẹ̀ rẹ́, kí ẹ sì lẹ pátákó líle pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ mọ́ ẹnu tí yóò kan ara kíì lóde, kí igi má baà lápàá. Ẹ gé tíúbù kẹ̀kẹ́ bọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì; mo ti ṣe kíì 88 láìfi nǹkan kan bọ̀ ọ́ rí, àtàǹpàkò mi bó kí n tó dé ìdajì.

Ẹ yọ kíì, ẹ ti ẹnu pílásì kan bọ inú ihò rẹ̀, ẹ fi tẹ aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ dá a padà, kí ẹ dán an wò. Bó bá ti gbéra fúnra rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, nítorí kíì tí a tẹ aṣọ rẹ̀ jù a máa dún kọ̀kọ̀kọ̀, aṣọ tuntun ló sì máa ń gbà.