Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ìtàn ọjọ́ iwájú tí kò parí sí ìparun

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà físíìsì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo sì máa ń kọ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì bí mo bá ráyè. Ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń já sí: róbọ́ọ̀tì á gbàjọba, omi á bo ìlú, gbogbo èèyàn á kú tán, á ku ẹnì kan. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ní àwọn ò kà á mọ́, pé ìròyìn alẹ́ ti ń já àwọn láyà tó. Mo wá gbìyànjú láti kọ èyí tí nǹkan ti dára, ló bá dà bí ìpolongo ìbò. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ìtàn ẹ̀rọ ńláńlá tó ní ìrètí, tí òǹkàwé ò ní yọ ṣùtì sí i?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, bá mi kí àwọn ọmọ yẹn. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni mo kọ́, àmọ́ ó ti pẹ́ díẹ̀ tó jẹ́ pé títún ìtàn àwọn ẹlòmíì ṣe ni mo fi ń jẹun, àwọn ìlú tó ti parun lójú mi nínú wọn kò lóǹkà. N ò bá àwọn tó ń kọ ọ́ jà. Ó rọrùn ni. Bí o bá fẹ́ kí afárá wó, gbólóhùn kan ti tó. Bí o bá fẹ́ kọ́ ọ, wàá ní láti mọ ibi tí irin ti wá, ẹni tó sanwó, ibi tí wọ́n ri òpó rẹ̀ sí nínú odò, àti wẹ́dà tó sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ yìí rí ní Amẹ́ríkà. Ní 2011, ọdún tí ọkọ̀ Space Shuttle wọn lọ sójú sánmà kẹ́yìn, òǹkọ̀wé Neal Stephenson ń ráhùn pé orílẹ̀-èdè òun ò lè ṣe nǹkan ńlá mọ́. Michael Crow, ọ̀gá àgbà Yunifásítì Arizona State, dá a lóhùn pé àwọn òǹkọ̀wé gan-an ni kò ṣiṣẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni Project Hieroglyph ti ṣẹ̀ ní yunifásítì náà: wọ́n pa àwọn òǹkọ̀wé pọ̀ mọ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìwé ìtàn wọn sì jáde ní 2014. Èrò wọn ni pé ìtàn lè fi nǹkan kan hàn kedere débi pé ẹnjiníà tó wà níhìn-ín àti èyí tó wà lọ́hùn-ún á jọ máa rí ohun kan náà lójú inú. Òfin wọn ò ju mẹ́ta lọ: kò sí olè orí kọ̀ǹpútà, kò sí ọkọ̀ tó ń sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ, kò sí àjálù tó pa ayé run. Kọ ọ́ sára ògiri ibi tí o ti ń kọ ìtàn.

Ilé gogoro onírin kan ni Stephenson fúnra rẹ̀ mú, gíga rẹ̀ kìlómítà 20. Mítà 828 ni Burj Khalifa, ilé tó ga jù láyé, tó wà ní Dubai. Nǹkan bí ìlọ́po 24 rẹ̀ là ń wí yìí. Ó gbé e tọ Keith Hjelmstad lọ, ọ̀jọ̀gbọ́n ẹnjiníà ní yunifásítì kan náà, wọ́n jọ ṣírò ó. Irin lè ru ara rẹ̀ dé ibẹ̀. Atẹ́gùn ni wàhálà, ní pàtàkì èyí tó ń sáré burúkú níbi gíga tí ọkọ̀ òfurufú ń gbà. Ṣé o rí i? Alátakò inú ìtàn ti dé, bẹ́ẹ̀ kò sí ìkà èèyàn kankan níbẹ̀. Atẹ́gùn ò bínú ẹnikẹ́ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kì í tilẹ̀ ṣe ìtàn. Ní October 1945, Arthur C. Clarke, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Wireless World nílùú Ọba. Ó ní bí a bá gbé nǹkan ga tó lókè ìlà tó la ayé láàárín, ìyípo rẹ̀ á bá ti ayé mu, lójú ẹni tó wà nílẹ̀ á dà bí ẹni pé ó dúró sójú kan. Mẹ́ta irú rẹ̀ á sì gbé ọ̀rọ̀ rédíò kárí ayé. Ibi tó júwe yẹn, kìlómítà 35,786 sókè, ni ọ̀pọ̀ sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n wà lónìí. Kò tó ogún ọdún tí sátẹ́láìtì Syncom 3 fi débẹ̀, ní 1964, wọ́n sì fi gbé àwòrán Olympics Tokyo lọ sí Amẹ́ríkà.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí: Clarke fi ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ sínú tirẹ̀. Tiransísítọ̀ ò tíì dé nígbà yẹn, gílóòbù onígíláàsì ni rédíò ń lò, ó sì máa ń jó. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lókè lọ́hùn-ún tí á máa pààrọ̀ rẹ̀. Bí a bá wò ó lónìí, ó ṣì í. Àmọ́ òun ló jẹ́ kí n gba ọkùnrin náà gbọ́. Ẹni tó bá ti ronú kan gílóòbù tó jó, mo mọ̀ pé kì í ṣe ìpolówó ló ń ṣe fún mi.

Iná oòrùn láti òkè náà ńkọ́? Òǹkọ̀wé Isaac Asimov ti fi ibùdó tó ń kó agbára oòrùn jọ lójú òfurufú sínú ìtàn ní 1941. Ní 1968, ẹnjiníà Peter Glaser kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ gidi, pé ìgbì rédíò ni wọ́n á fi rán agbára náà wá sílẹ̀. Ní 2023, ẹ̀rọ kékeré kan tí Caltech, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, gbé sókè darí agbára wá sílẹ̀, wọ́n sì rí i gbà. Bíńtín ni o, kò lè yí fáànù.

Ìwọ tíṣà físíìsì, gbé ìṣirò yìí fún kíláàsì rẹ. Gígùn ìgbì rédíò náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12, àwo tó ń rán an wá fẹ̀ tó kìlómítà 1, kìlómítà 35,786 ló sì máa rìn. Ìgbì máa ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ, nítorí náà ibi tó máa balẹ̀ sí á fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 10. Bí ìgbì náà ò bá yí padà, kò sí bí o ṣe lè mú kí ibẹ̀ kéré láìsọ àwo òkè di ńlá. Inú kìlómítà mẹ́wàá yẹn ni ìtàn rẹ wà. Oko ta ni? Àwọn tó yàwòrán rẹ̀ ní àwọ̀n wáyà tó máa gba ìgbì náà ni wọ́n á ta sókè, oòrùn àti òjò á máa gba inú rẹ̀ kọjá, èèyàn á sì lè dáko lábẹ́ rẹ̀. Wò ó báyìí:

“Ìyá Rẹ̀mí gbé ọkọ́ lé èjìká, ó gbójú sókè. Àwọ̀n náà ń dán bí ìgbà tí ìrì bá sẹ̀ sórí okùn aláǹtakùn. Ọmọkùnrin tó dé fìlà iléeṣẹ́ ní, ‘Mà, kò lè jó yín o, a ti wọ̀n ọ́n.’ Màmá ní, ‘Èmi ò bi ọ́ bóyá á jó mi. Òpó yín tó wà láàárín ebè mi ni mò ń bi ọ́. Ta lẹ bi kí ẹ tó rì í?’”

Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, iná sì wà. Síbẹ̀ a fẹ́ mọ ohun tí ọmọkùnrin náà máa sọ.

Ohun tó sọ tìrẹ di ìpolongo ìbò, mo fura pé o bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n gé ríbọ́nì ni. Bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, tàbí kí o jẹ́ kí ogún ọdún kọjá, kí nọ́ọ̀tì ti máa dípẹtà. Wo NigComSat-1, sátẹ́láìtì Nàìjíríà tiwa. Wọ́n gbé e lọ sókè láti Ṣáínà ní May 2007. Ní November 2008, apá tó ń gba oòrùn kọṣẹ́, bátìrì tán, ó kú. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ẹni tó ń kọ ìtàn ìparun á fi gègé sílẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n ti ṣe adójútòfò rẹ̀, wọ́n kọ́ òmíràn, NigComSat-1R, ó sì gòkè ní December 2011. Fojú inú wo ẹnjiníà kan láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, tí gbogbo àwàdà ibi ìyàwó jẹ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Mo lè ka ìtàn yẹn mọ́jú.

N ò ní kí o pa ìtàn ìkìlọ̀ tì pátápátá. Ẹni tí ò bẹ̀rù ohunkóhun ló ń kọ́lé sójú àgbàrá.

Mú ohun kan ṣoṣo. Ṣe ìṣirò rẹ̀ sínú ìwé ọ̀tọ̀, má gbé e wọnú ìtàn. Nínú ìtàn, fi ẹni tó ń tún un ṣe hàn wá, àti ẹni tí kò fẹ́ ẹ, kí ìdí tí kò fi fẹ́ ẹ fẹsẹ̀ múlẹ̀ débi pé ìwọ fúnra rẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un. Kó má ju ojú ewé mẹ́rin lọ. Kà á fún kíláàsì rẹ, kí o ṣọ́ ibi tí ọmọ tó máa ń sùn lẹ́yìn ti gbé orí sókè. Ojú ewé yẹn ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi.